Oògùn Èéfín Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ẹdẹ

Ilé tí mo kọ́kọ́ gbé nílùú òyìnbó, obìnrin tó ni ín máa ń gbé oògùn oníhóró mẹ́fà mì láràárọ̀ kó tó mu tíì, bẹ́ẹ̀ kò sóhun tó ń ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Mo rò pé àìsàn tó le gan-an ni, mo tiẹ̀ máa ń rọra tilẹ̀kùn kí n má bàa dà á láàmú. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo ṣọkàn gírí, mo bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kò sóhun tó ń ṣe òun rárá, pé kí nǹkan kan má bàa ṣe òun lòun ṣe ń lò ó. Ọ̀kan wà fún egungun, ọ̀kan wà fún ojú, ọ̀kan wà fún ọkàn. Èyí tó rí gbọọrọ tó sì ń rùn bí ẹja, ó ní ìyẹn ń ṣe gbogbo ara lóore.

Mo padà sí yàrá mi, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo fi kúrò nílé, àwọn èèyàn ń wá oògùn ibà tì. Dókítà á kọ ìwé fún wọn, wọ́n á gbé ìwé náà kiri gbogbo Ẹdẹ títí dé Òṣogbo, wọ́n á sì gbé e padà wálé. Níbí, àwọn tí ara wọn le koko ń jẹ oògùn bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Inú bí mi. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú èèyàn tí mo jẹ́: inú tètè máa ń bí mi, ara mi kì í sì í lélẹ̀. Ibi tí mo bá wà, ibòmíràn ni ọkàn mi máa ń wà.

Àwọn sójà ló ń ṣèjọba nígbà yẹn. Sáàpù, ètò tí wọ́n ní yóò tún ọrọ̀ ajé ṣe, dé, owó náírà já wálẹ̀, wọ́n ní ká fara dà á, pé ọ̀la á dùn. Tíṣà ni mí ní Ẹdẹ, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Oṣù á parí, owó oṣù ò ní dé. Mi ò ní sọ bí mo ṣe rìn ín tí mo fi dé ibi tí mo dé. Mo ṣáà lọ.

Màámi ò lọ síbì kankan. Àdín ni wọ́n ń ṣe láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Wọ́n máa ń ra èkùrọ́ lọ́wọ́ àwọn ará Awo àti Alajue, wọ́n á dà á sínú ìkòkò ńlá, wọ́n á máa dín in lórí iná títí tá á fi dúdú, tí òróró á sì máa jáde lára rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì dé ibi tí wọ́n ti ń dín èkùrọ́ ò tíì rí èéfín. Ó nípọn, ó ń ta ojú, bó bá sì wọ inú irun, ó di ọjọ́ mẹ́ta kó tó jáde. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé inú ahéré kékeré kan lẹ́yìnkùlé ni Màámi ti ń dín in, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Bí ìyá tó bí wọn ṣe kọ́ wọn nìyẹn: tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí èkùrọ́ lórí iná, òróró rẹ̀ ò ní jáde dáadáa. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ikọ́ bá gbé wọn nínú ahéré, ìta ni mo máa ń dúró sí, màá máa fẹsẹ̀ janlẹ̀, nítorí wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn.

Sáàpù tó lé mi kúrò nílé, òun náà ló mú ọjà Màámi tà. Ọṣẹ ilé-iṣẹ́ wọ́n, òróró inú agolo wọ́n, ìpara wọ́n. Gbogbo èèyàn bá padà sídìí àdín àti ọṣẹ dúdú. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni Màámi ń dáná tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo fi máa lọ, ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ikọ́ wọn náà sì ti yàtọ̀. Ó ti ń ti ìsàlẹ̀ wá.

Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín o: iṣẹ́ tí mo rí nílùú òyìnbó, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe irú oògùn oníhóró yẹn gan-an ni. Èmi tí inú ń bí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa da ìyẹ̀fun sínú ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ di hóró. Ìyẹ̀fun funfun wà, aláwọ̀ ọsàn wà, aláwọ̀ ewé kan sì wà tó ń rùn bíi koríko tí oòrùn ti pa. Tí mo bá délé nírọ̀lẹ́ tí mo fọn ikun, àwọ̀ iṣẹ́ ọjọ́ náà ni màá rí nínú ańkáṣíìfù.

Wọ́n fún gbogbo wa ní ìbòmú. Obìnrin àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Jùúnì ni ọ̀gá wa. Ṣe ni yóò máa lọ sókè sódò, "Ìbòmú! Ìbòmú!" bí ẹni ń polówó ọjà. Mi ò fẹ́ràn nǹkan náà rárá. Ó ń mú imú mi gbóná, ó sì ń há mi láyà. Mo tún ń rò ó pé kí ni mo ń bẹ̀rù gan-an? Ṣebí fítámì ni mò ń fà símú. Àwọn mìíràn ń fowó rà á. Bí Jùúnì bá ti kọ̀yìn, màá fà á wálẹ̀ sí ọrùn.

Ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń le jù fún mi. Mo rí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi kan lọ. Wọ́n kọrin jẹ́jẹ́, àlùfáà wàásù ní ṣókí, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, kíá, gbogbo wọn ti lọ. Ní Ẹdẹ, ìgbà tí ìsìn bá parí ni ọ̀rọ̀ ń ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á bi ọ́ nípa ilé, wọ́n á bi ọ́ nípa iṣẹ́, wọ́n á bá ọ tún gèlè ṣe láìtọrọ àyè. Ó máa ń sú mi nígbà náà. Níbí, mo ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn, mò ń ṣe bí ẹni ń wá nǹkan nínú báàgì, bóyá ẹnì kan á bi mí ní nǹkan. Nígbà tí kò bá sí, màá wọ bọ́ọ̀sì dé ibi tó ń parí sí, màá tún wọ̀ ọ́ padà. Kò síbi tí mò ń lọ. Mi ò kàn lè jókòó sójú kan.

Lára àwọn oògùn tí ilé-iṣẹ́ wa ń ṣe, ọ̀kan wà tó jẹ́ ti àwọn tó ń gbé ìlú tí èéfín ọkọ̀ pọ̀ sí. Wọ́n ya òkè kan sí ara ìgò rẹ̀. Obìnrin kan dúró lórí òkè náà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń fa afẹ́fẹ́ tútù símú. Mo ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa, tíṣà ṣáà ni mí. Kò ṣe ìlérí kankan. Ó ní ó lè ran ara lọ́wọ́, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo obìnrin orí òkè yẹn, Màámi ni mo rí.

Ìgò tí wọ́n bá ti lẹ ìwé mọ́ ní wíwọ́, àwa òṣìṣẹ́ ni wọ́n máa ń fún. Mo kó mẹ́rin. Màámi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ wọ́n ń ka Bíbélì Yorùbá wọn geere. Mo bá gé bébà pélébé, mo kọ̀wé sí i, mo lẹ ọ̀kan mọ́ ìgò kọ̀ọ̀kan: "Oògùn ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ máa lo ẹyọ kan láràárọ̀. Èéfín ò ní lè ṣe yín ní nǹkan kan."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ò sí lára ìgò. Èmi ni mo fi kún un. Mo sọ fún ara mi pé ìfẹ́ ló fà á, bóyá òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n àìfararọ mi náà wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kí nǹkan kan ti ọwọ́ mi dé ilé, kó sì ṣiṣẹ́ wéré, kí ọkàn mi lè balẹ̀ fún ọjọ́ kan péré. Ẹnì kan tó ń lọ sí Ìbàdàn ló bá mi gbé e lọ.

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyí: ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, Màámi á wọ aṣọ ìsìn, wọ́n á lọ jókòó sí ọ́fíìsì tẹlifóònù ní Ẹdẹ láti aago mẹ́wàá. Èmi á dúró nínú àpótí fóònù tó wà ní ìkóríta wa, màá máa tẹ nọ́ńbà. Ìgbà míì wà tó jẹ́ pé á tó wákàtí kan kó tó wọlé. Ìgbà míì, kò ní wọlé rárá, màá sì mọ̀ pé wọ́n jókòó síbẹ̀ nínú aṣọ ìsìn wọn títí tí wọ́n fi ti ọ́fíìsì. Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, ó wọlé.

"Màámi, ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé oògùn dé ọwọ́ yín?"

"Ó dé o, ọmọ mi. O ṣeun. Àwọn ọmọ tìrẹ náà á tọ́jú rẹ."

"Ṣé ẹ sì ń lò ó?"

"Mò ń lò ó. Ikọ́ yẹn ti lọ."

"Ó ti lọ pátápátá?"

"Àní kò ku ẹyọ kan. Tún fi sí i ránṣẹ́. Iṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ ńkọ́?"

"Ó ń lọ dáadáa, mà."

Ọ́fíìsì ni mo sọ fún wọn pé mo wà, nítorí wọ́n ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ àwọn tó jẹ́ tíṣà ti di ọ̀gá lókè òkun. Mo jáde nínú àpótí fóònù, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Mo ra ẹran lọ́jọ́ yẹn, mo se ọbẹ̀ tó ta yẹ́ríyẹ́rí, onílé mi sì ṣí gbogbo fèrèsé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé, mo rò pé mo wúlò. Mo tún kó ìgò mẹ́jọ ránṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, tẹlifóònù Ẹdẹ kú. Oṣù kìíní kọjá, oṣù kejì kọjá, mi ò gbóhùn ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, ẹnì kan tó ti ilé dé mú kásẹ́ẹ̀tì kan wá fún mi, Màámi ló fi ohùn ara wọn sí i. Mo yá rẹ́kọ́dà onílé mi, mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n kí mi, wọ́n kí onílé mi, wọ́n kí àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Àmọ́ nǹkan kan ń dún láàárín ọ̀rọ̀ náà. Tá! Wọ́n á sọ̀rọ̀ dé ìdajì, tá! wọ́n á máa bá a lọ, àmọ́ ohùn wọn á ti rẹlẹ̀ sí i. Mo rò pé rẹ́kọ́dà ni kò dáa. "Ìyá Sàkírá ní kí n kí ẹ," ni wọ́n wí. Aládùúgbò wa ni Ìyá Sàkírá. Àwọn àti Màámi ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àdín kí àyà dídùn tó mú kí Ìyá Sàkírá dáwọ́ dúró. "Wọ́n ti padà sídìí iṣẹ́ o. Àwa márùn-ún la jọ ń—" tá! "—dáná báyìí. Kí n tó dáná, màá pín oògùn rẹ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo ka ohun tó o kọ sétí wọn. A ò bẹ̀rù mọ́. A ti fi amọ̀ dí gbogbo ihò tó wà lára ahéré, òróró sì ń—" Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ wọn ò yá tó. Kí rẹ́kọ́dà tó dúró, mo gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ikọ́ náà.

Mo dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà síbẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ìró tá yẹn nìkan ni mò ń gbọ́. Gbogbo ibi tó ti dún, ṣe ni Màámi ń pa rẹ́kọ́dà wọn kí n má bàa gbọ́ ikọ́. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Obìnrin márùn-ún nínú ahéré tí kò ní ihò, nítorí bébà pélébé tí mo kọ. Ìyá Sàkírá ti bọ́ lọ́wọ́ èéfín tẹ́lẹ̀, èmi ni mo dá wọn padà sínú rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè sunkún.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá Jùúnì lẹ́nu iṣẹ́. Mo mú ìgò olókè yẹn dání. Mo bi í pé ṣé ó lè gba ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú èéfín sílẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fa ìbòmú tó wà lọ́rùn mi sókè, ó so ó le lẹ́yìn orí mi bí ìgbà tí wọ́n ń so gèlè fún ọmọdé.

"Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń pariwo ìbòmú sí ẹ létí," ó ní. "Tí oògùn yìí bá lè gba ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀, kí la fẹ́ fi ìbòmú ṣe fún àwọn tó ń ṣe é?"

Mo tún na ìgò náà sí i.

"Inú ikùn lèyí ń lọ. Ó dà bí oúnjẹ. Èéfín ò gba ikùn wọlé. Ta ló wà nínú èéfín?"

"Ìyá mi."

Ojú rẹ̀ rọ̀. "Kó jáde níbẹ̀. Tí kò bá lè jáde, kó ṣílẹ̀kùn."

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo máa ń ya ẹ̀dọ̀fóró sára pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin, tí màá fi ṣọ́ọ̀kì pupa kùn ún, tí màá sì ní kí wọ́n fi ìka tọ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Mo mọ ọ̀nà náà. Ìlú ọ̀nà jíjìn ló mú mi gbàgbé, àti ojú tí mo fi ń wo nǹkan tó bá wá láti ìlú òyìnbó, bí ẹni pé gbogbo ohun tó bá wà nínú ìgò ibẹ̀ lágbára ju ilẹ̀kùn tí a ṣí sílẹ̀ lọ.

Mo tún ronú púpọ̀ lórí irọ́ ní àkókò yẹn. Wọn kì í kó ìrònú bá ẹni tó wà lájò, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Wọ́n á ní ara le, ẹbí wà dáadáa. Àwa náà tí a wà lájò, a kì í sọ pé ilẹ̀ là ń gbá. Gbogbo wa ń ṣọ́ ọkàn ara wa, títí tí kò fi ní sí ẹni tó mọ bí ẹnì kejì ṣe wà mọ́. Mo ti pẹ́ tí mo ti ń bi ara mi léèrè pé ibo ni ilé mi gan-an. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn, mo mọ̀ pé kò lè jẹ́ ibi tí wọn ò ti lè wúkọ́ létí mi.

Sátidé mẹ́ta ni mo fi tẹ nọ́ńbà náà tí kò wọlé. Mo kọ lẹ́tà, àmọ́ mo mọ bí lẹ́tà ṣe ń pẹ́ tó. Ní Sátidé kẹrin, ọ́fíìsì dáhùn, wọ́n sì rán èèyàn lọ pe Màámi. Mo di fóònù mú títí wọ́n fi dé.

"Màámi, mo parọ́ fún yín."

"Irọ́ kí ni?"

"Oògùn yẹn. Kì í gbani lọ́wọ́ èéfín. Kò sí lára ìgò bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀."

Mo ń gbọ́ ohùn àwọn mìíràn nínú ọ́fíìsì náà.

"Ìwọ lo kọ ọ́."

"Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Ẹ gbé iná yẹn jáde síta."

"Mo fi orúkọ Ọlọ́run fọkàn Ìyá Sàkírá balẹ̀."

"Mo mọ̀, mà. Mo tún gbọ́ ikọ́ yín nínú kásẹ́ẹ̀tì."

Wọ́n ní, "Èmi náà parọ́ nìyẹn. Ó dáa. Iṣẹ́ wo lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Ọ́fíìsì, mà."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lo ti wúkọ́ láti ìgbà tí mo ti gbé fóònù yìí. Mo ní iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo wúkọ́. Mo sọ fún wọn nípa ìyẹ̀fun, nípa ẹ̀rọ, nípa ìbòmú tí mò ń fà wálẹ̀ sí ọrùn.

"Háà," ni Màámi wí. "Ọmọ tí mo ní kó má wọ inú ahéré! Kúrò níbẹ̀."

"Ẹ kọ́kọ́ kúrò níbi tiyín ná, mà."

"Kúrò, kí èmi náà kúrò," ni wọ́n wí, fóònù sì já.

Mo bomú láràárọ̀ láti ọjọ́ Mọ́ńdé, Jùúnì ò ní láti pariwo mọ́. Mo sì ń wá iṣẹ́ mìíràn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí i, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà: mò ń nu ilẹ̀, mò ń nu tábìlì, mò ń nu pátákó. Ó dùn mí pé èmi tí mo máa ń kọ̀wé sára pátákó ni mo wá ń nu èyí tí ẹlòmíràn kọ. Àmọ́ tí mo bá fọn ikun nírọ̀lẹ́, ańkáṣíìfù mi mọ́, mo sì máa ń wò ó tìyanu-tìyanu.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀, mo pe Ẹdẹ.

"Mo ti kúrò, mà."

"Èmi náà ti kúrò. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Ìyá Sàkírá ò fi dáhùn ìkíni mi lẹ́yìn tí mo sọ òótọ́ fún wọn. Lọ́jọ́ kan ni mo rí wọn pẹ̀lú ọkọ́, wọn ò bá mi sọ nǹkan kan, wọ́n bọ́ sẹ́yìnkùlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ògiri ahéré. Àwa méjèèjì la jọ wó o tán. Ìta gbangba la ti ń dáná báyìí, a ń jókòó sápá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀."

"Òróró ńkọ́?"

"Ó ń jáde. Ó kàn ń pẹ́ díẹ̀ ni."

"Ikọ́ ńkọ́?"

"Ó ti dín kù."

Ó wù mí kí n gbà wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n mo ti gba irú ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ rí. Mo sì mọ̀ pé ohun kan náà ni àwọn náà ń rò nípa mi.

"O ti parọ́ fún mi," ni Màámi wí, "èmi náà ti parọ́ fún ẹ. Mí, kí n gbọ́."

"Ẹ ní kí ni mà?"

"Mo ní kó o mí sínú fóònù, kí n gbọ́."

Mo gbé fóònù sún mọ́ ẹnu. Mo fa èémí wọlé títí ó fi dé ìsàlẹ̀, mo sì tú u jáde. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe.

"Ó ṣì ń dún díẹ̀ nísàlẹ̀," ni wọ́n wí. "Ó yá, gbọ́ tèmi."

Mo fi ọwọ́ di etí mi kejì nítorí ọkọ̀ tó ń kọjá. Mo gbọ́ èémí Màámi bó ṣe ń wọlé, ó ń súfèé díẹ̀, ó dúró, ó sì jáde tán láìsí ikọ́. Ẹnì kan ń bá wọn wí nínú ọ́fíìsì: "Màmá, ẹ sọ̀rọ̀ o, àkókò yín ń lọ."

"À ń sọ̀rọ̀," ni Màámi dá a lóhùn, wọ́n sì tún mí.